Bí orin Wolastoqiyik ṣe jáde kúrò nínú ìda

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ní ìlú Toronto, wọ́n kéde pé Jeremy Dutcher, olórin ọmọ Wolastoqiyik, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó ti wà ní Kánádà kí òyìnbó tó dé, ló gba àmì-ẹ̀yẹ Polaris, èyí tí wọ́n máa ń fún àwo orin tó pegedé jù lọ ní Kánádà lọ́dọọdún. 50,000 dọ́là ni owó tó tẹ̀lé e. Àwọn tó lè sọ ohun tí orin náà ń wí nínú gbọ̀ngàn yẹn kò lè pọ̀, nítorí láti orin àkọ́kọ́ títí dé ìkọkànlá, èdè Wolastoqey ni Dutcher fi kọ gbogbo rẹ̀. Wolastoqiyik Lintuwakonawa lorúkọ àwo náà, oṣù Kẹrin ọdún yẹn ló sì jáde. Lásìkò náà, Dutcher fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn tó gbọ́ èdè náà yékéyéké kò tó 100 mọ́.

Ìtàn tí àwọn ìwé ìròyìn gbé kiri ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó bá orin àwọn baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀, ó sì jí i dìde. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, orin náà ò sọnù rí. Ibi tó wà ni àwọn ọmọ onílé kò mọ̀, àfi àwọn díẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ wọ̀nyẹn niṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn Wolastoqiyik ń gbé lẹ́bàá odò Wolastoq, tí àwòrán ilẹ̀ àwọn òyìnbó ń pè ní Saint John. Odò náà gba ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà kọjá, ó sì gba New Brunswick ní Kánádà lọ sínú òkun. Neqotkuk, tí ìjọba ń pè ní Tobique, ni ìlú ìyá Dutcher. Kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Obìnrin kan láti ibẹ̀, Sandra Lovelace, ló gbé Kánádà lọ síwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òfin kan tó ní kí obìnrin onílẹ̀ tó bá fẹ́ ọkọ àjèjì pàdánù ẹ̀tọ́ ìbí rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ àjèjì kò pàdánù ohunkóhun. Ìgbìmọ̀ náà dá obìnrin yìí láre ní 1981, Kánádà sì yí òfin náà padà ní 1985. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Dutcher yìí, àwọn obìnrin ni yóò máa yọjú níbi tí nǹkan bá ti fẹ́ yí.

Èdè náà wà lẹ́nu ìyá rẹ̀. Dutcher kàwé ní yunifásítì Dalhousie ní Halifax, níbi tó ti kọ́ orin àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ọmọ ènìyàn. Orin ọ̀pẹ́rà ni wọ́n fi tọ́ ohùn rẹ̀: ohùn ọkùnrin tó ń lọ sókè, tí kì í já. Ó lè kọ orin Ítálì àti ti Jámánì bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ti ilé rẹ̀ gan-an ni kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá Maggie Paul ló là á lọ́nà. Ọmọ Passamaquoddy ni wọ́n. Àwọn Passamaquoddy àti Wolastoqiyik ń sọ èdè kan náà, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ ló kàn yàtọ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá ti fi ń ṣa orin jọ kiri, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni ní Toronto tó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn ló sọ fún Dutcher pé àwọn orin kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba, ohùn àwọn àgbà tó ti kú sì ni, kó lọ gbọ́ wọn. Wọn ò fún un ní ìwé, wọn ò fún un lówó. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo gbà pé ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí nìyẹn, òun náà sì ni ìròyìn máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo rékọjá.

Báwo wá ni orin àwọn ará etí odò ṣe dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé? Láàárín 1907 sí 1914, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí nípa àṣà, William Mechling, ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn. Ó kọ àlọ́ àti ìtàn wọn sílẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dání. Ìda ni ẹ̀rọ ìgbà náà ń lò. Ìda ọ̀hún ṣe róbótó, ó ní ihò láàárín, kò sì ju agolo mílíìkì lọ. Wọ́n á kì í sára ẹ̀rọ, wọ́n á wé okùn irin inú rẹ̀ bí a ṣe ń wáìǹdì aago, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Olórin á wá gbé ẹnu sún mọ́ ìwo ńlá kan, á kọrin sínú rẹ̀, bí ohùn bá sì ṣe ń mi abẹ́rẹ́ ni abẹ́rẹ́ á máa ha ìda. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́rin péré ni ọ̀kan lè gbà. Orin tí wọ́n ń fi gbogbo alẹ́ kọ níbi ayẹyẹ, ẹ̀ka rẹ̀ kan ṣoṣo ló wọlé. Èyí tó tún burú ni pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ náà ń ha ìda rírọ̀ yẹn: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ ni ohùn náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ jù ló ń bà á jẹ́ jù. Tí wọn ò bá sì gbọ́ ọ, olú á hù sí i lára.

Èdè yìí gan-an ni ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ lọ bá àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà nílé wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1890, Jesse Walter Fewkes gbé ẹ̀rọ irú rẹ̀ lọ sí Calais ní Maine, ó sì gba orin àti ọ̀rọ̀ àwọn Passamaquoddy sílẹ̀. Òun ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ pátápátá. Nítorí náà, ó ti lé ní 100 ọdún tí ohùn àwọn èèyàn yìí ti ń gbé nínú àpótí ẹlòmíràn.

Kò ṣe ohun ìyanu. Lójú àwọn onímọ̀ ìgbà náà, àwọn onílẹ̀ ti ń tán lọ, iṣẹ́ tó kù ni kí wọ́n yára kó ohun tó bá ṣeé kó. Ìjọba kan náà tó ń sanwó fún àkójọ ló ń fi òfin lé àṣà lọ. Láti 1885 títí di 1951 ni òfin Kánádà fi ka àwọn ayẹyẹ onílẹ̀ kan léèwọ̀. Àwọn ẹ̀yà apá ìwọ̀-oòrùn ni òfin yẹn dojú kọ jù. Lọ́dọ̀ àwọn Wolastoqiyik ní ìlà-oòrùn, ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣe é. Ilé-ẹ̀kọ́ Shubenacadie ní Nova Scotia, tó wà láti 1930 sí 1967, ni wọ́n ń kó ọmọ Mi'kmaq àti ọmọ Wolastoqiyik lọ, tí wọ́n sì ń nà wọ́n bí wọ́n bá fi èdè wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ kì í fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, ló bá kúkú gbé èdè náà mì. Àwa máa ń sọ pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Tiwọn dojú rú: ohun tó yẹ kó wà lápò wọn ló lọ wà ní Sókótó, pẹ̀lú nọ́ńbà lára.

Sókótó tiwọn ni Gatineau, ní òdì kejì odò sí Ottawa, níbi tí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìtàn Kánádà wà. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni tún fi abẹ́rẹ́ kan ìda, nítorí wọ́n ti da àwọn ohùn náà kọ sórí nǹkan mìíràn. Dutcher fi íápíìsì sétí, ó jókòó tì í. Ẹ̀yin tó bá ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí á mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nǹkan àkọ́kọ́ tí etí ń gbọ́ ni ariwo, ó ń ta ṣàṣà bí òróró gbígbóná, ohùn ènìyàn á wá jáde lábẹ́ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ kan á hàn, èyí tó tẹ̀lé e á rì. Yóò dá a padà, yóò tún gbọ́, yóò kọ orin náà sílẹ̀ ní nóòtì, yóò wá ẹni tó gbọ́ èdè jùlọ láti bi í pé ṣé báyìí ni wọ́n wí. Nínú àwọn orin náà, a rí ti ọkọ̀ ojú omi, a rí ti kárà-kátà, a rí èyí tí wọ́n ń kọ fún òkú. Iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí àwo fi jáde gbà á tó ọdún márùn-ún.

Ohun tó fi wọ́n ṣe ló yà á sọ́tọ̀. Ó lè sín wọn jẹ bí wọ́n ṣe rí, kó lu ìlù sí i, kó pè é ní orin ìbílẹ̀, àwọn onílé ìṣẹ̀ǹbáyé á sì pàtẹ́wọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Píánò tó kọ́ ní Halifax ló gbé kalẹ̀, ó fi fáólìn àti ohùn kọ̀ǹpútà lé e, ó sì fi gbogbo agbára ọ̀fun ọ̀pẹ́rà kọ ọ́. Láàárín gbogbo ìyẹn, ó dá ohùn inú ìda sílẹ̀ kó máa dún. Nínú orin òkú tó wà lórí àwo náà, Mehcinut, ẹ gbọ́ ohùn baba àgbà inú ìda pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, kò sí ẹni tó fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ sì gbọ́ Dutcher tó ń gbè é. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó kú ní ọjọ́ pípẹ́ ló ń lé, tí ọmọ sì ń gbè. Lílé àti gbígbè kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé etí Yorùbá á tètè gba orin yìí ju etí àwọn tó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ lọ, bí a ò tiẹ̀ gbọ́ èdè náà.

Ó tún pa ohùn Màmá Maggie Paul mọ́ sínú àwo náà. Wọ́n ń sọ níbẹ̀ pé bí orin bá padà, ijó á padà, èèyàn á padà, gbogbo nǹkan á padà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwòrán iwájú páálí àwo náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1916, ní Washington, wọ́n ya fọ́tò kan tó lókìkí: Frances Densmore, obìnrin òyìnbó tó ń gba orin àwọn onílẹ̀ sílẹ̀, jókòó ti ẹ̀rọ, baálẹ̀ àwọn Blackfoot kan tí wọ́n ń pè ní Mountain Chief jókòó níwájú ìwo rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ lórí. Ó ti pẹ́ tí fọ́tò yìí ti ń dúró fún gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Dutcher tún un yà. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ìwo wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í, àwòrán ńlá tí Kent Monkman, ayàwòrán ọmọ Cree, kùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin òyìnbó náà ni kò sí. Mi ò rí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu kó tó bẹ́ẹ̀.

Àwa náà ní irú àpótí báyìí. Ní 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, gba orin òrìṣà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ẹ̀sìn Candomblé ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, Yorùbá sì pọ̀ nínú rẹ̀. Yunifásítì Indiana ni àwọn ohùn náà wà. Bí Màmá Maggie Paul tiwa bá wà níbì kan, kó jọ̀ọ́ kó sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èdè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti bá a jiyàn lọ́kàn wọn. Ẹni tó bá mọ ọjà orin á sọ pé àwo tí ẹni 100 lè gbọ́ yé kì í ṣe ọjà. Ó kéré tán, kó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí ègbè. Dutcher kọ̀. Ó sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé àwọn èèyàn òun lòun kọ́kọ́ ṣe é fún, kí ọmọ tó ń dàgbà ní Neqotkuk lè gbọ́ èdè ilé rẹ̀ lórí rédíò. Àwọn tó kù, ó gbà wọ́n láyè láti jókòó, kí wọ́n máa gbọ́ ohun tí kò yé wọn. Mo rò pé ó ṣe é ire. Bó bá jẹ́ pé ó dá Gẹ̀ẹ́sì sí ègbè ni, ègbè nìkan ni rédíò ìbá máa gbé sáfẹ́fẹ́, èdè àwọn àgbà á sì di ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Àti pé orin òkú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fúnra rẹ̀ kò tún yẹ ní ẹni tí yóò máa tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Polaris yẹn, ó kọ́kọ́ fi èdè rẹ̀ kí wọn kó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ fún Kánádà pé àkókò ìsọjí àwọn onílẹ̀ ti dé, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe tán láti gbọ́ òtítọ́ tó yẹ kí wọ́n gbọ́. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìdáhùn kékeré kan wá.

Oṣù Kẹta ọdún 2019 ni, níbi àmì-ẹ̀yẹ Juno ní ìlú London ti Ontario. Àwo kan náà ló gba ti orin àwọn onílẹ̀. Dutcher gorí ìtàgé, ó sì yí ọ̀rọ̀ sọ́dọ̀ olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, Justin Trudeau, tó ti ṣèlérí pé orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni ìjọba òun á máa bá àwọn onílẹ̀ lò. Ó ní títi páìpù epo gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá kò jọ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ ọ́ pé kí àwọn ìlú kan ṣì máa se omi kí wọ́n tó lè mu ún. Kò tíì parí tí orin ìdágbére fi dìde, tí wọ́n fi lé e wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lé gbogbo ẹni tó bá pẹ́ jù. Nígbà tó yá, wọ́n pe àwọn Arkells, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, láti wá gba tiwọn. Max Kerman tó ń ṣáájú wọn kò lo àkókò rẹ̀. Ó ní kí Dutcher padà wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì padà wá parí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn yin Kerman, ó sì tọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹ wò ó: aago ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ohùn náà, bí ìda ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣe gé ti àwọn baba rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọ̀nà là. Yo-Yo Ma, gbajúmọ̀ tó ń ta sẹ́lò, pè é sínú àwo rẹ̀ ti 2021. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwo kejì Dutcher, Motewolonuwok, jáde, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú èdè ilé. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti lọ bá ọjà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà dá lórí àwọn ọ̀dọ́ onílẹ̀ tó ń gbẹ̀mí ara wọn, àwọn tó di òkú ọ̀run láìdàgbà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi èdè ẹni 100 pa mọ́. Àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Àwo àkọ́kọ́ ti gbé èdè kalẹ̀ ná, kò sí ẹni tó lè rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e ró. Ká ní ó yí ètò náà po, tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, ọ̀rọ̀ mi ìbá yàtọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àwo yìí náà gba Polaris, Dutcher sì ni olórin àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí àmì-ẹ̀yẹ méjì kò yanjú ni ti ẹni tó ni ohùn. Òfin àwọn òyìnbó lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ máa ń tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó gbé ẹ̀rọ dání, kì í tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó kọrin. Ìda Mechling ṣì wà ní Gatineau. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Passamaquoddy ti bá Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ dé ibì kan lórí ìda Fewkes: wọ́n ń dá ohùn padà fún wọn, wọ́n sì ń jẹ́ kí àwọn fúnra wọn kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lára, nípa ohun tí orin jẹ́ àti ẹni tó tọ́ kó gbọ́ ọ. Dwayne Tomah, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú èdè náà níbẹ̀, ti ń túmọ̀ wọn, ó sì ń kọ wọ́n ní gbangba. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ó sì yẹ kí Kánádà lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ gbọ́ bàbá rẹ̀ má baà dúró de ìyá àgbà kan tó mọ̀nà.

Ní ti èdè, orin nìkan kò lè gbé e. Ìyá Dutcher ti wà níwájú nínú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí Fredericton tó ṣílẹ̀kùn ní 2022, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Wolastoqey kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti àárọ̀ títí wọ́n á fi lọ sílé, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ sì ń wáyé níta, láàárín igi.